Ṣé fíìmù ló yí padà ni, àbí èmi?

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi máa ń tún fíìmù wò gan-an, pàápàá àwọn ti àtijọ́. Láìpẹ́ yìí mo tún Blade Runner wò, ìgbà tí mo ti wò ó kẹ́yìn mo ṣì wà ní ọ̀dọ́, àmọ́ ńṣe ló dà bíi pé fíìmù mìíràn ni wọ́n gbé fún mi. Mo rántí pé ohùn ọkùnrin kan máa ń ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mi ò gbọ́ ọ. Mo rántí pé wọ́n wa ọkọ̀ jáde nílùú níparí, tí igi àti òkè wà níbẹ̀, mi ò rí i. Àwòrán ẹ̀ tún wá ń yọ̀ lọ́nà kan tí mi ò lè ṣàlàyé, bí eré àtìgbàdégbà orí tẹlifíṣàn. Inú mi ò dùn sí i rárá. Ìyàwó mi ní ṣebí òun ti sọ fún mi, pé fíìmù tuntun tí mi ò tíì wò kún ilẹ̀, kí ló dé tí mo ń padà sẹ́yìn. Ṣé èmi ni mo ti yí padà ni, àbí ọpọlọ mi ló ń dàrú? Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kéèyàn máa tún fíìmù wò?"

Ọpọlọ yín pé, ẹ fọkàn balẹ̀. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ rántí yẹn pátá ló wà nínú fíìmù náà, ẹ ò lálàá, ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ni pé èyí tẹ́ ẹ wò láìpẹ́ yìí kọ́ lẹ wò nígbà yẹn.

Mo ti kíyè sí i pé táwọn èèyàn bá tún fíìmù wò tí ò wá dùn mọ́, ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi, wọ́n á ní "mo ti dàgbà ni", "bóyá ọmọdé ló ń ṣe mí nígbà yẹn", wọ́n á wá mí kanlẹ̀ bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi ò gba ìyẹn gbọ́ kíákíá. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ara yín, ẹ yẹ ẹ̀dà fíìmù yẹn wò ná, lẹ́yìn ìyẹn ẹ yẹ tẹlifíṣàn yín wò, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣe ìkẹta. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ ẹnìkẹta yẹn rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí Blade Runner yín. Kó tó jáde lọ́dún 1982, wọ́n fi han àwọn èèyàn kan láti mọ bó ṣe máa rí lára wọn, àwọn yẹn ní kò yé àwọn, ẹ̀rù wá ba àwọn tó ni owó. Wọ́n ní kí Harrison Ford, olú òṣèré inú ẹ̀, wá ka àlàyé sí i, kó máa sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ fún wa, wọ́n sì lẹ ìparí aláyọ̀ kan mọ́ ọn nídìí, ibi tí òun àti Rachael, obìnrin tó fẹ́ràn nínú fíìmù náà, ti wakọ̀ lọ sáàárín igbó àti òkè. Ẹ wá gbọ́ o, àwọn òkè tẹ́ ẹ rántí yẹn, wọn ò tiẹ̀ yà wọ́n fún Blade Runner, àjẹkù The Shining ti Stanley Kubrick, èyí tó jáde ní 1980, ni. Kubrick ti fi hẹlikópítà ya òkè àti títì tó pọ̀ ju ohun tó lò lọ, òun ni Ridley Scott tó darí Blade Runner lọ tọrọ. Lọ́dún 1992 wọ́n yọ ohùn yẹn kúrò, wọ́n yọ òkè kúrò, wọ́n fi àlá ẹṣin oníwo kan sí i. Nígbà tó di 2007, Scott jókòó tì í fúnra ẹ̀, ó tún gbogbo ẹ̀ tò, wọ́n pe ìyẹn ní The Final Cut, òun ló sì wọ́pọ̀ jù báyìí. Nínú ti 1992 àti 2007, ilẹ̀kùn ẹlẹ́fétọ̀ máa pa dé, ó parí nìyẹn, kò sí òkè kò sí igbó.

Ní tèmi o, inú mi dùn pé ohùn yẹn lọ. Ẹ wo ibi tí Rutger Hauer, ẹni tí Ford ń lépa nínú fíìmù náà, ti jókòó sórí òrùlé nínú òjò, tó mú ẹyẹlé lọ́wọ́, ó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ tó kẹ́yìn, orí ẹ̀ rọra wálẹ̀, ẹyẹlé fò lọ. Kámẹ́rà wá yí sí Ford. Òjò ń ṣàn lójú ẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu nítorí ìyà tó ti jẹ, ó kàn ń wo òkú náà. Nínú ti 1982, ibẹ̀ gan-an ni ohùn máa ti bẹ̀rẹ̀, á ní òun ò mọ ìdí tí ọkùnrin yìí fi dá ẹ̀mí òun sí, pé bóyá ní ìkẹyìn ó wá fẹ́ràn ẹ̀mí ju bó ṣe fẹ́ràn ẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Ha! A ṣáà ń wò ó! Ojú ọkùnrin yẹn ti sọ gbogbo ẹ̀ tán. Nínú ti 2007, òjò àti orin Vangelis nìkan ló kù níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa fúnra yín rò ó. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé ohùn yẹn ni wọ́n fi mọ fíìmù náà látilẹ̀, tí wọ́n bá yọ ọ́ ó máa ń dà bíi pé wọ́n yọ eyín fún wọn, mi ò ní bá wọn jà, àmọ́ mi ò ní gbà fún wọn náà.

Blade Runner nìkan kọ́ ló ń ṣe báyìí. Star Wars jáde ní 1977, nígbà tí George Lucas gbé e padà ní 1997 ó ti fi kọ̀ǹpútà kún oríṣiríṣi nǹkan, ó sì yí ibi tí Han Solo, ọ̀kan lára àwọn akọni inú ẹ̀, ti yìnbọn pa ẹnìkan nínú ilé ọtí padà, kó lè dà bíi pé ẹnì kejì ló kọ́kọ́ yìnbọn. Inú ń bí àwọn tó mọ fíìmù yẹn dénú títí dòní, ẹ̀yìn wọn ni mo sì wà, torí ọkùnrin tó kọ́kọ́ yìnbọn àti ọkùnrin tí wọ́n yìnbọn sí tó wá dá a padà kì í ṣe èèyàn kan náà, tó bá jẹ́ pé èèyàn dáadáa ni Solo látìbẹ̀rẹ̀ kí ló wá kù tó máa yí padà níwájú. Francis Ford Coppola náà gbé Apocalypse Now jáde ní 1979, ní 2001 ó fi ìṣẹ́jú 49 kún un, ní 2019 ó tún gé díẹ̀ kúrò nínú èyí tó fi kún un. Ẹni tó bá jẹ́ pé ti 2001 ló kọ́kọ́ bá pàdé á rò pé fíìmù tó ń fà ni, ibi táwọn ará Faransé ti ń jẹun alẹ́ tí wọ́n ń jiyàn òṣèlú yẹn, àní kò ṣe é parí, èmi a máa dìde na ẹsẹ̀ níbẹ̀. Ti 1979 ni kẹ́ ẹ máa wá. Àwọn tó fẹ́ràn Sholay, fíìmù Íńdíà tó jáde ní 1975, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ pé nínú ìparí tí Ramesh Sippy kọ́kọ́ yà, Thakur tó ń gbẹ̀san ló pa Gabbar Singh, olórí àwọn ọlọ́ṣà, fúnra ẹ̀, àwọn tó ń yẹ fíìmù wò fún ìjọba ló kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ dé kí wọ́n mú un, ìyẹn sì ni gbogbo ayé wò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìgbà míì ẹ̀wẹ̀ ó máa ń jẹ́ èrè. Metropolis ti Fritz Lang, ọdún 1927, kò pẹ́ tó jáde ni wọ́n ti gé e, apá tí wọ́n gé sì sọnù. Ó di 2008 kí wọ́n tó rí ẹ̀dà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ní Buenos Aires, ó ti họ, ó ti fá, àmọ́ ó wà níbẹ̀, nígbà tó fi máa di 2010 wọ́n ti dá nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 padà sínú fíìmù náà. Ẹni tó bá sọ pé òun ti wo Metropolis kó tó di ìgbà yẹn, kó lọ tún un wò, torí àwọn èèyàn kan wà nínú ìtàn yẹn tí wọn ò ní iṣẹ́ gidi kankan tẹ́lẹ̀ tó wá di pé ọ̀rọ̀ wọn yéèyàn.

Torí náà kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ wo ọdún ẹ̀dà náà àti iye ìṣẹ́jú ẹ̀. Blade Runner ló ṣòro fi ìṣẹ́jú mọ̀ torí gbogbo wọn ń lọ sí bíi 117, orúkọ ẹ̀dà lẹ ó wò níbẹ̀.

Ó ku àwòrán tó ń yọ̀ yẹn. Tẹlifíṣàn yín ni, mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Fíìmù sinimá, àwòrán 24 ni wọ́n ń yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é láti ìgbà tí fíìmù ti ń sọ̀rọ̀, ojú wa ti mọ̀ ọ́n, bó ṣe ń gbọ̀n díẹ̀ yẹn gan-an ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé fíìmù là ń wò. Tẹlifíṣàn òde òní ò fẹ́ kí nǹkan gbọ̀n rárá, bóyá bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é, á wá máa fúnra ẹ̀ dá àwòrán tí ẹnikẹ́ni ò yà rí sílẹ̀, á máa kì í bọ àárín àwọn tí wọ́n yà. Gbogbo ẹ̀ á wá máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, òṣèré á dà bí ẹni tó dúró sínú pálọ̀ yín, aṣọ wọn á dà bí aṣọ ayálò, ilé tí wọ́n kọ́ fún eré á hàn pé pákó ni. Ó ba àwọn tó ń ṣe fíìmù nínú jẹ́ débi pé ní oṣù Kejìlá 2018, òṣèré Tom Cruise àti olùdarí fíìmù Christopher McQuarrie ya fídíò kékeré kan tí wọ́n fi ń bẹ aráyé kí wọ́n lọ pa sẹ́tíǹgì yìí lórí tẹlifíṣàn wọn. Ẹ wọ sẹ́tíǹgì àwòrán: lórí Samsung ẹ lè rí i bí Auto Motion Plus, ti LG ni TruMotion, ti Sony ni Motionflow. Ẹ pa á pátápátá, kì í ṣe kẹ́ ẹ dín in kù. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí wọ́n kọ Filmmaker Mode sí, ẹ kàn tẹ ìyẹn, iṣẹ́ tán. Mo ti rí ẹni tó bú fíìmù Kurosawa, olùdarí ará Japan yẹn, nítorí sẹ́tíǹgì yìí, ó ní àwọn òṣèré ẹ̀ ń sáré lọ́nà òdì, mo ní ẹ jọ̀ọ́ níbo ni rìmóòtù wà.

Ẹ fi í síbẹ̀ náà pé èyí tẹ́ ẹ wò ní ọ̀dọ́ lè má pé. Tó bá jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì fídíò lẹ fi wò ó, tẹlifíṣàn ìgbà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ní igun mẹ́rin tó dọ́gba, fíìmù sì fẹ̀ gbọọrọ, kí àwòrán lè kún ojú tẹlifíṣàn wọ́n máa ń gé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sọnù, nínú àwọn fíìmù tó fẹ̀ jù ohun tí wọ́n gé dànù lé ní ìdá méjì nínú márùn-ún. Ẹ wo ìparí The Good, the Bad and the Ugly ti Sergio Leone, 1966, ọkùnrin mẹ́ta ló dúró yíká nínú itẹ́ òkú, olúkúlùkù ń wo èjì yòókù, tẹ́ ẹ bá gé ẹ̀gbẹ́ àwòrán yẹn ẹ ti lé ẹnìkan kúrò nínú ìjà nìyẹn. Torí náà, ilà dúdú tó wà lókè àti nísàlẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ẹ má tẹ zoom.

Ó wá kan ẹ̀yin fúnra yín. Tí ẹ̀dà bá pé tí tẹlifíṣàn sì dáa, tí fíìmù yẹn ò tún rí bó ṣe máa ń rí, a jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ti rìn jìnnà. Roger Ebert, ará Amẹ́ríkà tó fi gbogbo ayé ẹ̀ kọ̀wé nípa fíìmù, kọ ohun tó dáa lórí èyí. La Dolce Vita ti Fellini, 1960, ni ó máa ń padà sí ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ayé tí Marcello, oníròyìn tí ìtàn náà dá lé, ń jẹ nínú fíìmù yẹn ló ń wu òun náà, àríyá, obìnrin, ìlú ńlá lóru. Nígbà tó tún wò ó lẹ́yìn ìyẹn, òun náà ti wà nínú irú ayé bẹ́ẹ̀. Nígbà tó tún pẹ́, ó ti jáwọ́ nínú ọtí, ẹni tó há sínú wàhálà ló wá rí nínú Marcello. Nígbà tó tún wá pẹ́ síi, àánú ẹ̀ ló ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ Marcello ò kúrò lójú kan o, ọjọ́ orí kan náà ló wà. Irú ìyípadà yìí ò burú, òun gan-an lèrè tó wà nínú àtúnwò, ó sì yàtọ̀ pátápátá sí "kò dùn mọ́".

Àwọn kan wà tí kò ní dùn mọ́ lóòótọ́ ṣá o. Àwàdà tí wọ́n fi ẹ̀yà ẹlòmíì ṣe lè ba gbogbo nǹkan jẹ́, irú Mickey Rooney tó fi eyín ayédèrú ṣe ará Japan nínú Breakfast at Tiffany's ti 1961, mi ò lè jókòó wo ibẹ̀ kí ara má tì mí, bẹ́ẹ̀ apá tó kù nínú fíìmù yẹn rẹwà. Ẹ má parọ́ fún ara yín pé kò sí níbẹ̀, ẹ má sì tìtorí ẹ̀ jẹ́ kẹ́nì kankan gba èyí tó dáa níbẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó yín ńkọ́? Ó ní tuntun pọ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ bi í léèrè nǹkan kan: nígbà tó wo fíìmù tuntun kẹ́yìn, kí ló rí? Ìtàn ló máa sọ fún yín, pé lágbájá pa tàmẹ̀dò, pé wọ́n wá fẹ́ra níkẹyìn. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ìtàn la máa ń sáré, kò sẹ́ni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ojú wa kàn ń wá ohun tó kàn ni. Ìgbà téèyàn bá ti mọ ibi tó ń lọ ni ojú ẹ̀ máa ń ráyè. Àwọn olùwádìí méjì ní University of California ní San Diego, Leavitt àti Christenfeld, tiẹ̀ dán an wò ní 2011, wọ́n fún àwọn èèyàn ní ìtàn kúkúrú láti kà, wọ́n ti tú àṣírí ìparí fún àwọn kan ṣáájú, àwọn tí wọ́n tú u fún gan-an ló gbádùn ẹ̀ jù ní ìpíndọ́gba. Ìwé ni o, kì í ṣe fíìmù, àmọ́ mo gbà á fún fíìmù náà. Ed O'Brien ní University of Chicago ṣe tiẹ̀ jáde ní 2019, ohun tó rí ni pé àwọn èèyàn máa ń rò pé nǹkan tí wọ́n bá tún ṣe lẹ́ẹ̀kejì máa sú wọn, tí wọ́n bá wá ṣe é ó máa ń dùn ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ẹ ka ìyẹn sí madam létí.

Ẹ gbé The Godfather, 1972, jáde, kẹ́ ẹ lọ sí ibi tí Michael, ọmọ olórí ọ̀daràn tí Al Pacino ṣe, ti jókòó nílé oúnjẹ pẹ̀lú Sollozzo, ọ̀tá ìdílé wọn, àti ọ̀gá ọlọ́pàá kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìbọn tí wọ́n fi pa mọ́ fún Michael lèèyàn ń rò: ṣé ó wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóòótọ́, ṣé ó máa rí i, ṣé ó máa lè yìn ín. Ó dáa, ẹ ti mọ̀ báyìí, ẹ gbàgbé ìbọn, ẹ wo ojú Al Pacino nìkan lẹ́yìn tó ti padà wá jókòó. Sollozzo ń sọ̀rọ̀, èdè Ítálì ló ń sọ, wọn ò sì kọ ìtumọ̀ kankan sísàlẹ̀, kò sì ṣe nǹkan, torí Michael náà ò fetí sí i mọ́. Ojú ẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń bọ̀ sósì, kò dúró sójú kan. Ariwo ọkọ̀ ojú irin wá ń bọ̀, ó ń ga, ó ń ga sí i, irin ń họ irin, bẹ́ẹ̀ kò sí ọkọ̀ ojú irin kankan tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀, Walter Murch tó bójú tó ohùn fíìmù náà ló fi í síbẹ̀. Inú orí Michael ni ọkọ̀ yẹn ti ń sáré. Kò sí orin rárá ní gbogbo àkókò yẹn, àfi ìgbà tó pa wọ́n tán tó ju ìbọn sílẹ̀ ni orin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Mélòó nínú wa ló gbọ́ ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́? A gbọ́ ọ létí, àyà wa já, a ò kàn mọ̀ pé òun ló fà á.

Tàbí kẹ́ ẹ mú The Sixth Sense, 1999. Mi ò ní tú àṣírí ẹ̀ bó tiẹ̀ ti pẹ́, torí ẹnìkan lè wà tí ò tíì wò ó tó ń ka èyí. Ibi tí Bruce Willis ti pẹ́ dé sílé oúnjẹ tí ìyàwó ẹ̀ ti ń jókòó, ọjọ́ àyájọ́ ìgbéyàwó wọn ni, ó jókòó, ó ń ṣàlàyé ara ẹ̀, ìyàwó ò wo ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé ìwé owó dé, ó nawọ́ sí i, ìyàwó ti mú un. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹ máa ní "inú ń bí obìnrin yìí o, ó tó bẹ́ẹ̀". Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ nílò ló wà lórí tábìlì yẹn, wọn ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún yín. Fíìmù alásìírí tó bá tò báyìí, àtúnwò ló ń fi hàn pé iṣẹ́ gidi ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, àṣírí nìkan ni wọ́n ní, tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n kò sí ohun tó kù, ẹ má fi àsìkò yín ṣòfò lé wọn lórí.

Ó wá ku àwọn fíìmù tó ní ọmọ ẹ̀yìn, ìyẹn àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe jáde kò sẹ́ni tó yà sí wọn, tó wá jẹ́ pé àwọn kan fẹ́ràn wọn títí wọ́n fi kọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sórí. Ọ̀pọ̀ wọn, ìjákulẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Blade Runner àti The Thing ti John Carpenter, ọjọ́ kan náà ni wọ́n jáde ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà 1982, E.T. ti Spielberg sì ti jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú wọn. Gbogbo ayé ń sunkún nítorí àjèjì kékeré láti ayé mìíràn tó fẹ́ padà sílé, ta ló máa wá fẹ́ wo àjèjì tó ń jẹ èèyàn láti inú? Kásẹ́ẹ̀tì ló yọ àwọn méjèèjì. The Shawshank Redemption náà, 1994, wọ́n dárúkọ ẹ̀ fún àmì ẹ̀yẹ Oscar méje, kò gba ọ̀kan, owó tó pa ní sinimá ò tó nǹkan, àwọn tó ń yá kásẹ́ẹ̀tì àti tẹlifíṣàn tó ń gbé e jáde ní gbogbo ìgbà ló sọ ọ́ di ohun tó dà lónìí. It's a Wonderful Life, 1946, tiẹ̀ tún pani lẹ́rìn-ín, ẹnìkan gbàgbé láti tún kọ́píráìtì ẹ̀ ṣe ní 1974, làwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn bá rí i pé ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ń gbé e jáde ní gbogbo Kérésì, bí fíìmù tí ò rí owó pa ṣe di ti gbogbo ilé nìyẹn. Ìgbàgbé ẹnìkan péré!

Ọ̀rọ̀ àwọn tó máa ń sọ fún yín pé "tó ò bá tíì wo èyí, o ò tíì mọ fíìmù", ẹ máa fi etí kan gbọ́ ọ. Àwọn kan nínú fíìmù ọlọ́mọ-ẹ̀yìn, àárín èrò ni wọ́n ti dùn. The Rocky Horror Picture Show jáde ní 1975, wọn ò rí tiẹ̀ rò, àfìgbà tí sinimá Waverly ní New York bẹ̀rẹ̀ sí í fi í hàn láàárín òru ní 1976, làwọn èèyàn bá ń múra bí àwọn inú fíìmù, wọ́n ń dá wọn lóhùn. The Room ti Tommy Wiseau, 2003, fíìmù tí ò dáa ni, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó, àmọ́ tí gbogbo sinimá bá jọ ń ju ṣíbí oníke ní gbogbo ìgbà tí fọ́tò ṣíbí bá yọ lórí tábìlì, ẹ̀rín máa pa yín. Tẹ́ ẹ bá dá nìkan wo irú ẹ̀ lórí fóònù tí ò wá dùn, ẹ ò ṣẹ̀, fíìmù yẹn náà ò ṣẹ̀. Ẹ sì rántí Sholay, sinimá Minerva ní Bombay fi í hàn fún ohun tó lé ní ọdún márùn-ún, wọ́n tiẹ̀ ta àwo tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu inú fíìmù nìkan. Ẹ sọ fún madam pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ń ya wèrè.

Bí mo ṣe máa ń ṣe tèmi ni pé mi ò kì í tún fíìmù wò kó má sí nǹkan kan tí mo ń wá. Ọjọ́ kan mo lè pa ohùn ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n wo bí kámẹ́rà ṣe ń rìn, ọjọ́ mìíràn mo lè fojú sí òṣèré tí ò sọ̀rọ̀ nìkan, ẹni tó kàn dúró sẹ́yìn, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ òṣèré gidi. Fíìmù téèyàn kàn gbé sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀ nígbà téèyàn ń ṣiṣẹ́ ilé náà dáa, ara máa ń balẹ̀, àmọ́ ẹ má pe ìyẹn ní àtúnwò. Àwọn kan sì wà tí mi ò ní tún wò mọ́ láéláé, Grave of the Fireflies, 1988, wà lára wọn, ó dáa ju ọ̀pọ̀ fíìmù tí mo mọ̀ lọ, àmọ́ ọkàn mi ò gbà á lẹ́ẹ̀kejì, mi ò sì rò pé mo jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Pẹ̀lú ìyàwó yín, ẹ máa pín in: ẹ wo ọ̀kan tuntun tó bá mú, kóun náà jókòó ti ọ̀kan àtijọ́ tẹ́ ẹ bá mú, kẹ́ ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé "wo ibí yìí, ó ń bọ̀ o", ẹ má yíjú wo ojú ẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń dùn mọ́ ọn. Kò sí ohun tó ń ba fíìmù jẹ́ tó ìyẹn. Ẹ má fi Blade Runner bẹ̀rẹ̀ o, ó falẹ̀ fún ẹni tí ò bá tíì gbà, ẹ fi The Thing bẹ̀rẹ̀ tí ẹ̀rù kì í bá bà á, tàbí Sholay tó bá fẹ́ orin.

Ẹ̀dà 1982 tẹ́ ẹ rántí yẹn ò sọnù náà. Nígbà tí wọ́n ń ta The Final Cut ní díìsì ní 2007, wọ́n ta àpótí kan tó kó ẹ̀dà márùn-ún pọ̀, ti 1982 tí wọ́n fi hàn ní Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi hàn nílẹ̀ òkèèrè wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá rántí pé ẹ̀jẹ̀ inú èyí tẹ́ ẹ wò pọ̀ díẹ̀, ti òkèèrè nìyẹn. Ẹ wá a rí, ẹ pa sẹ́tíǹgì tí mo sọ yẹn, ẹ wo olóhùn àti aláìlóhùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, kẹ́ ẹ wá kọ̀wé padà sọ èyí tó wù yín fún mi. Tẹ́ ẹ bá ní olóhùn ni, mo máa kà á, mi ò kàn ní fèsì ni.